Ìkọ́ Mẹ́jọ Nínú Pálọ̀ Bàbá Rélùwéè

Títí dòní, bí ẹ bá dárúkọ Shuaib Dàwódù ní Orílé Agége, ọjọ́ tó tú bẹ́ǹṣì kúrò nídìí òṣèré ni wọ́n máa kọ́kọ́ ròyìn fún yín. Bí ẹ bá ní ẹ ti gbọ́ ọ, kò kàn wọ́n, wọ́n á tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà kò ní fi tèmi sílẹ̀.

Àwọn onífíìmù kan tí ọ́fíìsì wọn wà ní Allen Avenue ló fẹ́ ya eré nípa ọmọge kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Èkó láyé àtijọ́. Wọ́n háyà ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ní Ìkẹjà, wọ́n sì bẹ Bàbá Shuaib, tó ti fi àádọ́ta ọdún ṣe káfíńtà, pé kó kan inú kóòṣì tádì kíláàsì, yàrá ọkọ̀ ojú irin tí mẹ̀kúnnù ń wọ̀, síbẹ̀: bẹ́ǹṣì mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, àyè ìrìn láàárín. Ó kàn án. Pákó tééré-tééré ló fi ṣe é, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gbọnrangandan bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó wá wòran. Ó débẹ̀, ó bá tìmùtìmù pupa lórí gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Tìmùtìmù ni, Bàbá," ni Olúwalóṣèyí, adarí eré náà, wí. "Pupa yẹn máa gbé àwòrán yọ dáadáa."

"Kò sí tìmùtìmù ní tádì kíláàsì."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀? Àwọn tó wọ̀ ọ́ ti kú tán."

"Èmi wọ̀ ọ́. Ṣé òkú lo ti wá ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Bàbá lọ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà. Wọ́n tan iná, wọ́n ní kí ọmọge inú eré máa sunkún ìyá rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé. Ọmọ náà mọ ẹkún sun. Kò pẹ́, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èjìká ń gbọ̀n, gèlè ń gbọ̀n. Olúwalóṣèyí ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n! Ẹ má pa kámẹ́rà o!" Àfi gbìì! Bẹ́ǹṣì dà wólẹ̀, òṣèré nà gbalaja, ohùn kan sì jáde láti abẹ́ pákó: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ìkejì, ẹ dìde. Ọ̀dọ̀ yín ló kàn."

Bàbá Shuaib ló wà lábẹ́ ibẹ̀, tòun ti sukurudiráfà lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kí wọ́n máa mú owó wọn, òun ń mú bẹ́ǹṣì òun. Ó tú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ìgbà tó dé ẹnu géètì ló tó yíjú padà sí Olúwalóṣèyí.

"O ní ta ló máa mọ̀, àbí? Èmi Shuaib máa kàn án débi pé, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ rí bá dijú, tó jókòó, ara rẹ̀ á mọ̀ pé ibẹ̀ lòun wà. Wàá wá wò ó."

Báyìí ni orúkọ Bàbá Rélùwéè ṣe mọ́ ọn lórí.

Ìyàwó rẹ̀, Àrínọlá, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ti ìsọ̀ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá àga onítìmùtìmù rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé. Ó wọlé, ó rí i pé ọkọ òun ti wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá àlejò, bẹ́ǹṣì mẹ́jọ sì ti tò síbẹ̀.

"Bàbá Quadri, kí ni àga mi ń ṣe níta?"

"Kò sí irú ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin."

"Èmi náà kò sí nínú ọkọ̀ ojú irin. Ṣé kí n bọ́ síta?"

"Jókòó, jàre. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àrínọlá kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà pé pálọ̀ náà ní àǹfààní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn àna wọn wá tọrọ ọmọ wọn obìnrin, ìdílé méjèèjì jókòó kojú ara wọn, orúnkún kan orúnkún, ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó gba ọ̀sán kan gbáko, wọ́n parí ẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ìṣòro tí Bàbá Shuaib ní ni pé ìdajì kóòṣì ló mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà wá sí Agége. Kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ bẹ́ǹṣì ni ìyá rẹ̀ tì í bọ̀, ó sì fi ìró rẹ̀ bò ó lójú. Nítorí náà, kò sí ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí kò mọ̀: iye súkúrù tó de ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí pákó ti ní kókó, bí bàtà àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ṣe ń dún bọ̀. Ohun tó wà lókè ni kò rí rárá.

Ó kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ọ̀kan ní ọ̀dà àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, èkejì ní àwọ̀ ìyeyè ni, ẹ̀kẹta ní òun kò wo ọ̀dà, ọkọ àfẹ́sọ́nà òun lòun ń wò. Bàbá Shuaib bínú, ó ní ẹnu àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ṣeé gbára lé, ara wọn ló kù tóun máa bi. Ló bá gbé bẹ́ǹṣì kan lé èjìká, ó ń gbé e kiri Agége. Ó ń gbé e dé ilé ìsọmọlórúkọ. Ó ń gbé e dé iwájú mọ́ṣáláṣí. Ibi tó bá ti rí arúgbó, á sọ ọ́ kalẹ̀.

Bó ṣe ṣe fún Ìyá Tẹjú ní ẹ̀gbẹ́ Pẹ́ń Sinimá nìyẹn. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ti fi ọkọ̀ ojú irin ṣòwò adìyẹ nígbà èwe rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ dijú. Ọkọ̀ ti ṣí ní Ọ̀fà o."

"Shuaib, orí rẹ kò pé."

"Ẹ ṣáà dijú, Màmá."

Ìyá dijú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó fi gìgísẹ̀ ti nǹkan tí kò sí níbẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Bàbá Shuaib kọ ọ́ sínú ìwé: *àgò adìyẹ*. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún ìyá gbéra, ó kọjá èjìká, ó kọjá etí, ó lọ sápá àyè ìrìn, ó ń wá nǹkan lófuurufú.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ mú?"

Ìyá Tẹjú lajú, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ọwọ́ ẹlòmíràn. "N ò mọ̀ o. Òun ló lọ fúnra ẹ̀."

Arúgbó mọ́kàndínlógún ni Bàbá Shuaib gbé jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Mẹ́rìnlá nawọ́ sókè sí ibì kan náà. Àwọn márùn-ún tó kù sùn lọ.

Ó ní ìkọ́ ni. Ìkọ́ ló wà lára òpó tó nà sókè ní etí bẹ́ǹṣì lápá àyè ìrìn, tí èrò ń fi fìlà àti àpò kọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ bá Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé kó lè bá òun jẹ́rìí sí i. Bàbá yìí, àgbà ìjọ Aládùúrà, ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe ìnsípẹ́kítọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ó ga, ó sì lágídí ju Bàbá Shuaib fúnra rẹ̀ lọ.

"Kò sí ìkọ́," ni Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mẹ́rìnlá ló nà sí i."

"Kì báà jẹ́ ogóje. Èmi ni mo rìn nínú kóòṣì yẹn, lójoojúmọ́ ayé mi. Kò sí ìkọ́."

"Ẹ rìn nínú ẹ̀. Ṣé ẹ jókòó rí?"

"Èmi? Ní tádì kíláàsì? Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe síbẹ̀?" Bàbá dìde, ó na ìka sí ihò imú Bàbá Shuaib. "Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ rélùwéè!"

Àdúgbò pín sí méjì. Àwọn káfíńtà ní ìkọ́ wà, àwọn Aládùúrà ní kò sí. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn tí kóòṣì náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ló ń jà jù.

Bàbá Shuaib gbọ́ pé àlòkù kóòṣì kan ṣì wà ní Ìju tí wọ́n fi ń sin adìyẹ. Kíá, ó ti débẹ̀. Damaris ni orúkọ obìnrin tó ni ín, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì dí i.

"Ẹ ò lè wọlé, Bàbá. Bí adìyẹ mi bá rí àjèjì, wọn kì í yé."

"Kí ni mo lè ṣe tí wọn ò fi ní kà mí sí àjèjì?"

Damaris rò ó. "Kí wọ́n mọ ohùn yín ná."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Bàbá Shuaib fi ń lọ dúró sí ojú fèrèsé kóòṣì láràárọ̀, tó ń kí adìyẹ. Á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Á bi wọ́n léèrè ilé, á sọ ìròyìn Agége fún wọn, á ra ẹyin, á padà. Ẹyin kún ilé débi pé Àrínọlá ń bá àlejò kó o sínú ọ̀rá kí wọ́n tó jókòó. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Damaris ní adìyẹ ti gbà, kó wọlé.

Wọ́n ti tú bẹ́ǹṣì ibẹ̀ lọ, wọ́n ti tú gbogbo nǹkan lọ. Ṣùgbọ́n lára òpó kan, ìkọ́ kan ṣoṣo ló kù, irin dúdú tó tẹ̀ bí ìka, Damaris sì fi agolo oúnjẹ adìyẹ kọ́ ọ. Wọ́n ní Bàbá Shuaib dì mọ́ òpó yẹn, omi ń dà lójú rẹ̀, àwọn adìyẹ ń wò ó. Ó fa téèpù yọ, ó wọn ìkọ́ láti ilẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin géérégé.

Ó mú àwòrán ìkọ́ lọ fún alágbẹ̀dẹ, wọ́n rọ mẹ́jọ, ó kàn wọ́n mọ́ òpó bẹ́ǹṣì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ó pe arúgbó mọ́kàndínlógún. Ó pe Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé pẹ̀lú, òun náà wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní òun kò ní fẹsẹ̀ òun tẹ irọ́.

"Ó yá, ẹ dijú," ni Bàbá Shuaib wí. "Ọkọ̀ ti ṣí."

Ọwọ́ gbéra. Wọ́n gòkè, wọ́n kọjá ìkọ́ ní odindi ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n ń wá nǹkan lófuurufú. Kò sí èyí tó kan ìkọ́. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ rẹ ọwọ́ yín sílẹ̀!" ni Bàbá Shuaib fi ìbínú wí. "Ẹ ti darúgbó, ọwọ́ yín ti gbàgbé! Ara yín kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́!"

"Ọwọ́ mi lò ń bá wí, Shuaib?" Ìyá Tẹjú dìde, ó pòṣé ṣàà, ó sì kó ẹyin rẹ̀ dání, ó jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ó kan Bàbá Shuaib lára. Kò jẹun gidi fún ọjọ́ méjì. Á kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo ìkọ́, á máa sọ pé, "Ta ló máa mọ̀? Olúwalóṣèyí ti borí mi." Àrínọlá ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta ló bá dúró, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Quadri, bí èèyàn bá darúgbó, ṣé ó ń ga sí i ni àbí ó ń kúrú?"

"Ó ń kúrú."

"Kí ló wá dé tí ọwọ́ wọn fi ga ju ìkọ́ yín lọ?"

Bàbá Shuaib gbójú sókè wo ìkọ́.

"Ibo lẹ ti wọ̀n ọ́n?"

"Láti ilẹ̀."

"Ilẹ̀ kóòṣì? Adìyẹ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mélòó?"

"Damaris ní ọdún mọ́kànlá."

"Ta ló ń gbá a?"

Bàbá Shuaib wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó dìde, ó dé fìlà, ó gbé ṣọ́bìrì.

Damaris kò tíì rí oríire bẹ́ẹ̀ rí. Baba kan wá láti Agége, ó ní òun fẹ́ kó ìgbẹ́ adìyẹ, òun kò gba nǹkan kan. Ó gbàdúrà fún un títí. Àti ìgbẹ́ àti ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń dà sí i, gbogbo rẹ̀ ti le gbagidi. Ìgbà tí ṣọ́bìrì máa fi kan pákó ilẹ̀ kóòṣì gan-an, ihò náà ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ni ìkọ́ wà. Ìgbẹ́ adìyẹ ni Bàbá Shuaib ti wọ̀n mọ́ ọn.

Nígbà tó délé, Àrínọlá gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìsọ̀, ó ní kó má wọlé. Ìta ló ti wẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga onítìmùtìmù. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kígbe fún, ọṣẹ lójú: "Ìyá Quadri ló rí i o! Èmi kò rí i! Ìyàwó mi ló rí i!" Àrínọlá ní kó fi aṣọ bora, ṣùgbọ́n a rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló fi gbé ìkọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sókè. Ó ránṣẹ́ bẹ Ìyá Tẹjú, ó ní ọwọ́ wọn ló tọ̀nà, òun ni òun kò tọ̀nà. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé pé kí wọ́n wá ní Sátidé. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ní kí wọ́n sọ fún un pé bó bá fẹ́, kó kàn án mọ́ òrùlé, kò sí ìkọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Shuaib kírun tán, ó padà sílé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ fèrèsé. Ó ní ó rẹ òun díẹ̀. Àrínọlá lọ bu omi wá. Kó tó dé, ó ti lọ.

Ó dùn wá. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní dùn. Ọkùnrin yìí kò rí ọwọ́ kan ṣoṣo lórí ìkọ́ rẹ̀ kó tó kú.

Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ní kí wọ́n kó bẹ́ǹṣì jáde, kí wọ́n to àga oníke fún àlejò. Àrínọlá, tó ti fi odindi ọdún kan bú bẹ́ǹṣì yẹn, dúró sáàárín pálọ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ ni."

Bẹ́ǹṣì dúró. Àwọn arúgbó wá, wọ́n jókòó, Olúwalóṣèyí náà wá láti Ìkẹjà, ojú ń tì í, ó rọra fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àrínọlá ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dijú, kò sí ẹni tó nawọ́. Ẹkún ni wọ́n wá sun, wọn kò rántí ìkọ́.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé wọlé, nínú sútánà funfun, fìlà lórí. Àyè kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrínọlá. Bàbá kọjú sí i, ojú rẹ̀ wà lára Àrínọlá, ó ń sọ bó ṣe ń bọ̀ pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyàwó wa. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó dé bẹ́ǹṣì kìíní, ó fa èjìká rọ, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá, ó nà ró. Ó dé ìkejì, ó fa èjìká rọ, ó tẹ orí, ó kọjá. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin, bẹ́ẹ̀.

"Bàbá," ni Àrínọlá wí, "kí lẹ ń yẹ̀ fún?"

"Mo ń yẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tún un rìn wá."

Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé padà, ó ń kùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀. Èjìká rẹ̀ rọ, orí rẹ̀ tẹ̀. Nígbà tó dé bẹ́ǹṣì kẹta, ó dúró lójijì, orí rẹ̀ ṣì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọra fọwọ́ kan etí ọ̀tún rẹ̀, níbi tí àpá tíńtín kan wà.

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "nǹkan kan fà mí létí ya. Ẹ̀jẹ̀ dà sí yunifọ́ọ̀mù mi. Mo ti gbàgbé." Ó gbójú sókè, ó rí ìkọ́, kò ju ìka kan lọ sí etí rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi kọ́ ọ, wọ́n sún fún un, ó sì jókòó, nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní tádì kíláàsì.

"Shuaib," ó ní, "o mọ̀ ọ́n. Má bínú sí mi."

Ìyá Tẹjú kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún, gbogbo wa bá a sun ún. Àrínọlá kò sunkún. Ó yíjú sí ògiri tí Olúwalóṣèyí fara tì.

"Ọmọ mi, ìwọ lo béèrè ta ló máa mọ̀. Ṣé o ti rí i báyìí?"

"Mo ti rí i, Màmá," ni Olúwalóṣèyí wí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Ó ti tó ọdún kan báyìí. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, ìkọ́ wà níbẹ̀, Àrínọlá ń nù wọ́n láràárọ̀. Òjò ti ń pa àga onítìmùtìmù rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn bá a gbé e wọlé, kó lè rí ibi tó rọ̀ jókòó sí. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí irú ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.